Nọ́ńbà tí gbogbo ìlú mọ̀ kì í ṣe kọ́kọ́rọ́

Ní Ayétòrò, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, tọmọdé tàgbà ló mọ 1947, ọdún tí ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ ìlú náà dó létí òkun. Bí ẹlẹ́ja kan níbẹ̀ bá wá fi 1947 ṣe nọ́ńbà àṣírí báǹkì rẹ̀, ó ti ṣílẹ̀kùn fún olè. Lóòótọ́, ọ̀nà 10,000 ni nọ́ńbà mẹ́rin lè gbà tò, ṣùgbọ́n 1947 ni olè tó mọ ìlú náà yóò kọ́kọ́ dán wò.

Kọ̀ǹpútà pàápàá ti ṣe irú àṣìṣe yìí rí. Nígbà tí fóònù bá ń bá báǹkì sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kọ́kọ́rọ́ àṣírí ni wọ́n fi ń ti ọ̀rọ̀ náà pa kí ẹlòmíràn má baà lóye rẹ̀. Nọ́ńbà gígùn ni kọ́kọ́rọ́ yìí. Ṣùgbọ́n ìṣirò nìkan ni kọ̀ǹpútà mọ̀. Yóò mú nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ kan, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní irúgbìn, yóò sì ṣírò rẹ̀ di ọ̀pọ̀ nọ́ńbà tó dà bí ẹni pé kò létò. Ẹni tó bá mọ irúgbìn àti ìṣirò náà yóò rí gbogbo kọ́kọ́rọ́ tó hù níbẹ̀.

Ní 1995, akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Yunifásítì California ní Berkeley, Ian Goldberg àti David Wagner, fi hàn pé Netscape, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì nígbà náà, ń mú irúgbìn tirẹ̀ lára aago àti nọ́ńbà iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà. Ta ni kò lè wo aago?

Ọ̀pẹ̀lẹ̀ yàtọ̀ sí èyí. Ojú 8 ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kó dojú dé, ìyẹn ló fi bí Odù 256. Kò sí ẹni tó lè fi ìṣirò mọ èyí tó ń bọ̀. Kọ́kọ́rọ́ tó lágbára lónìí dà bí kí ènìyàn da ọ̀pẹ̀lẹ̀ nígbà 16 léraléra ní ìkọ̀kọ̀. Ìdí nìyí tí fóònù òde òní fi ń ṣa irúgbìn jọ láti ara ohun tí kò ṣeé sọ tẹ́lẹ̀, bí àkókò gan-an tí ìka kan ojú rẹ̀.

Ti àwọn onímọ̀ nìyẹn. Ti oníbàárà ni kó má fi ọdún ìbí tàbí ọdún ìlú ṣe nọ́ńbà àṣírí, kó sì máa gba àtúnṣe tí ilé iṣẹ́ bá fi ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀. Bí olè bá ti mọ irúgbìn, òun ni yóò kórè.