Owó Ilé Kì í Ṣe Èrè Lásán

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí kan gbogbo ẹni tí ń fi owó oṣù rẹ̀ pamọ́ díẹ̀díẹ̀ láti kọ́ ilé tí yóò fún ayálégbé, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́. Ìlú Douala ní Kamẹrúùnù ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ìlú náà mọ ohun tí ilẹ̀ ń jẹ́. Nítorí pé Ọba Rudolf Duala Manga Bell kọ̀ kí a lé àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò létí odò Wouri ni ìjọba Jámánì ṣe fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kàn án, tí wọ́n sì so ó rọ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ọdún 1914. Ní New Bell, àdúgbò tí ọ̀rọ̀ lílé náà bí, ni àwọn àlejò, títí kan àwọn ọmọ Nàìjíríà, ti wá ń gba yàrá gbé.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Ká ní ẹnì kan kọ́ ilé oníyàrá mẹ́fà sí Douala, tí ó ná 18,000,000 owó CFA lé e lórí, tí yàrá kọ̀ọ̀kan sì ń mú 25,000 wọlé lóṣù. Lọ́dún, ó di 1,800,000. Inú onílé yóò dùn. Yóò ní ọdún mẹ́wàá péré ni owó òun yóò fi padà. Ìṣirò ẹni tí kò tíì gba ayálégbé sílé rí nìyẹn.

Bí yàrá kọ̀ọ̀kan bá ṣófo fún oṣù kan, 150,000 ti lọ. Bí ayálégbé kan bá jẹ gbèsè oṣù mẹ́ta, tí ó sì kó ẹrù sá lóru, 75,000 tún bá a lọ. Owó alábòójútó, 10,000 lóṣù, di 120,000. Owó orí ilé àti owó ìforúkọsílẹ̀ ìwé àdéhùn, ká fi í sí 100,000. Bí mítà iná kan ṣoṣo bá sì wà fún gbogbo ilé, ẹni tí kò bá dá owó tirẹ̀, onílé ni yóò bá a san án kí wọ́n má baà gé iná.

Ṣùgbọ́n òjò ni ọ̀gá gbogbo wọn. Òjò tí ń rọ̀ ní Douala lọ́dún ju ìlọ́po méjì ti Ìbàdàn lọ. Páànù a máa dípẹtà, ọ̀dà ara ògiri a máa ṣí, ṣáláńgá a máa kún. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, omi wọ inú ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀. Onílé tí ó bá ya 300,000 sọ́tọ̀ lọ́dún fún àtúnṣe kò ṣe àṣejù rárá.

Àpapọ̀ ìnáwó wọ̀nyí jẹ́ 745,000. Èyí tí ó kù jẹ́ 1,055,000, ọdún mẹ́wàá sì ti lé ní mẹ́tàdínlógún, láìtíì ka èlé bí ó bá jẹ́ owó yíyá ni ó fi kọ́lé. Àpẹẹrẹ ni iye wọ̀nyí. Kí olúkúlùkù fi tirẹ̀ rọ́pò wọn. Owó ìdógò tí ayálégbé fi sílẹ̀ kò sí nínú rẹ̀, nítorí kì í ṣe owó onílé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń fi í ṣe ọdún.

Ó ku ìwé. Gẹ́gẹ́ bí òfin ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1976 ní Kamẹrúùnù, ìwé tí wọ́n ń pè ní titre foncier ni ẹ̀rí pé ènìyàn ni ó ni ilẹ̀. Owó tí a fi ń gba ìwé náà, àti owó àwọn awọnlẹ̀, wà lára owó ilé. Kí olùkọ́ tó ra búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ ni kí ó ti kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò rẹ̀.