Òkúta ìrántí Capitaine N'Tchoréré

Ní ìlú Airaines, ní àríwá ilẹ̀ Faransé, òkúta ìrántí kan wà tí ó ń bu ọlá fún ọmọ Áfíríkà kan: Capitaine Charles N'Tchoréré. Ìlú Libreville, ní ilẹ̀ Gàbọ́ọ̀nù, ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1896. Ó wọ iṣẹ́ ológun gẹ́gẹ́ bí ọmọ ogun lásán, ó sì gòkè títí ó fi di ọ̀gá.

Ní oṣù Òkúdù ọdún 1940, òun àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ dènà àwọn ará Jámánì ní Airaines. Nígbà tí ọta ìbọn wọn tán, ọ̀tá mú wọn ní ọjọ́ 7 oṣù náà. Wọ́n ya àwọn aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn òyìnbó. N'Tchoréré kọ̀. Ó ní ọ̀gá ológun ni òun, bí ọ̀gá ni kí wọ́n ṣe sí òun. Ọmọ ogun Jámánì kan yìnbọn pa á. Kò pẹ́ sí i ni ọmọ rẹ̀, Jean-Baptiste, náà kú sójú ogun.

Àwọn ọmọ Dàhòmì pẹ̀lú wà lára àwọn tí Faransé kó lọ sí ogun yẹn. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní òkúta ìrántí. Bí bàbá ńlá yín bá wà nínú wọn, ẹ bi àwọn àgbà ilé léèrè, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí àwọn ọmọ yín lè rí i kà.