Ìtúpalẹ̀ dátà sẹ́ńsọ̀ inú odò

Ìtúpalẹ̀ dátà sẹ́ńsọ̀ inú odò jẹ́ lílo ìmọ̀ ìṣirò láti lóye òǹkà tí ẹ̀rọ ń kọ sílẹ̀ léraléra nípa gíga omi, bí omi ṣe rú tó, àti ọ́síjìn inú rẹ̀. Odò bíi Asa, tó la Ìlọrin kọjá, lè kún kó sì fà láàárín wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá. Ẹni tó ń bu omi wò lẹ́ẹ̀kan lóṣù kò ní mọ̀. Ọ́síjìn a máa pọ̀ lọ́sàn-án nígbà tí ewédò ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ, a sì dín kù lóru. Ẹja lè máa kú lóru nínú odò tí òǹkà ọ̀sán fi hàn pé ó dára.

Bí ẹ̀rọ bá ń kọ òǹkà ní ìṣẹ́jú 15-15, yóò kọ 96 lójúmọ́, 35,040 lọ́dún. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà: òǹkà tó tẹ̀lé ara wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, wọn kì í ṣe ẹ̀rí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ìwọ̀n ìbáramu òǹkà kan àti èyí tó tẹ̀lé e bá jẹ́ 0.98, a ó fi 0.02 sọ 35,040 di púpọ̀, a ó sì fi 1.98 pín in. Fún ìṣirò ìpíndọ́gba, ẹ̀rí tó kù kò ju nǹkan bíi 354 lọ.

Ẹrẹ̀ àti ewédò tún máa ń bo ojú sẹ́ńsọ̀, òǹkà rẹ̀ á sì máa yẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹnìkan yóò fi wọ odò lọ nù ún.