Jumble: àwòrán ló ń túdìí ọ̀rọ̀

Láti 1954 ni Jumble, eré ọ̀rọ̀ inú ìwé ìròyìn, ti ń da lẹ́tà rú mọ́ àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn ní Amẹ́ríkà lójú. Martin Naydel, ayàwòrán kọ́míìkì, ló dá a sílẹ̀; Scramble ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè é. Ní 1962, Henri Arnold àti Bob Lee gba iṣẹ́ náà. Lóde òní, David L. Hoyt ló ń to ọ̀rọ̀, Jeff Knurek ló ń ya àwòrán.

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló máa ń wà níbẹ̀ lójoojúmọ́: méjì ní lẹ́tà márùn-ún, méjì ní mẹ́fà, wọ́n sì ti tú gbogbo wọn ká. Ẹni tó bá tò wọ́n padà á ṣa àwọn lẹ́tà tó bọ́ sínú òbíríkítí jọ, á fi wọ́n dáhùn ìbéèrè abẹ́ àwòrán. Ìfọ̀rọ̀dárà ni ìdáhùn náà sábà máa ń jẹ́, adùn eré yìí sì wà níbẹ̀.

Lẹ́tà mẹ́fà ṣeé tò ní ọ̀nà 720, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń dán gbogbo rẹ̀ wò. Ẹ wo POKTEC. Ó ṣeé pè lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ gidi, ìyẹn gan-an ló ń ṣini lọ́nà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n á kọ lẹ́tà náà yí po, wọ́n á fi C ti K, POCKET á sì yọjú.

Ẹ jẹ́ ká ní àwòrán náà jẹ́ ti aṣebúrẹ́dì tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn, tí wọ́n ń bi pé kí ló dé tí kò fiṣẹ́ sílẹ̀. Ìdáhùn: ó “KNEADED” THE DOUGH. Ó po ìyẹ̀fun, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n létí, KNEADED kò yàtọ̀ sí NEEDED, DOUGH sì ni owó lẹ́nu àwọn ará Amẹ́ríkà. Owó ló ń wá!

Ẹni tó bá ti inú àwòrán gbọ́ àwàdà yìí lè fi ẹ̀yìn rìn. Bí POCKET bá kọ̀ tí kò jáde, tí òbíríkítí sì wà ní àyè rẹ̀ kẹrin, K tí ìdáhùn ń wá lè jẹ́ lẹ́tà tó yẹ kó jókòó síbẹ̀.

Iṣẹ́ ẹni tó ń ṣe é náà kò kéré. Ìdáhùn kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní, nítorí náà NIGHT kò lè wọlé: lẹ́tà rẹ̀ kan náà ló ń di THING.