Aago Tuntun Tó Ń Ka Lílù Ọkàn Mi

Ọ̀rọ̀ aago ni mo gbé wá lónìí. Kì í ṣe aago ara ògiri, kì í sì í ṣe agogo ilé ìjọsìn tí à ń lù kí àwọn ènìyàn tó wọlé. Aago ọwọ́ ìgbàlódé tí wọ́n ń pè ní smartwatch ni. Àkọ́bí mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ló fi ránṣẹ́ sí mi ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu níbí, nígbà tó gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru fẹ́ máa yọ mí lẹ́nu. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015 ni ilé iṣẹ́ Apple kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ sí ọjà. Tèmi kì í ṣe ti Apple o, owó rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ rárá.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ ló bá mi so ó pọ̀ mọ́ fóònù, nítorí n kò mọ ibi tí mo lè ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo rí iná aláwọ̀ ewé tó ń ṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà ní ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Ẹ̀jẹ̀ pupa máa ń gbé iná aláwọ̀ ewé mì. Bí ọkàn bá ti lù, ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ ní ọrùn ọwọ́, iná tó ń padà bọ̀ á dín kù. Bí ẹ̀jẹ̀ bá fà sẹ́yìn, iná á tún pọ̀. Ìyípadà yìí ni aago ń kà tó fi ń mọ iye ìgbà tí ọkàn lù ní ìṣẹ́jú kan. Mo jókòó, mo ń wo nọ́ńbà náà bó ti ń lọ sókè sódò, ara mi sì bù máṣọ. Ọkàn tí Ọlọ́run fi sí mi láyà láti inú ìyá mi, ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ rí iṣẹ́ rẹ̀ lójú.

Ohun kan tún wà nínú rẹ̀ tó ń mọ̀ bí ọwọ́ bá mì, òun ló fi ń ka ìṣísẹ̀. Ní Sátidé àkọ́kọ́, àlejò dé, ìyàwó mi ní kí n bá òun gún iyán. Ẹ mọ̀ pé a kì í fi ọ̀rọ̀ iyán ṣeré ní Èkìtì. Ìgbà tí mo máa fi ọmọ odó lélẹ̀, aago ti ní mo rin ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìṣísẹ̀, bẹ́ẹ̀ n kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí: “Dádì, iyán ti gbé yín dé Ìkọ̀lé nìyẹn!”

Ẹgbàárùn-ún (10,000) ìṣísẹ̀ ni aago yìí ń béèrè lọ́wọ́ mi lójúmọ́. Mo rò pé dókítà ló fi òté lé e. Rárá o, ọ̀rọ̀ ọjà ni. Ẹ̀rọ ìkaṣísẹ̀ kan tí wọ́n tà ní Japan ní 1965 ló ń jẹ́ orúkọ náà, ibẹ̀ ló ti tàn ká ayé. Ìwádìí tí I-Min Lee àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2019 lórí àwọn ìyá àgbà fi hàn pé àwọn tó ń rin nǹkan bí 4,400 lójúmọ́ kò kú tó àwọn tí kì í fi bẹ́ẹ̀ rìn, àti pé lẹ́yìn nǹkan bí 7,500, àǹfààní náà kò tún fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i. Ẹ̀yin ìyá wa tó ń rin ọ̀nà oko, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ohun tó mú mi kọ̀wé yìí ṣẹlẹ̀. Ìyá opó kan wá bá mi ní ọ́fíìsì ìjọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni aago gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Mo wò ó: ẹnì kan fi ìkíni àárọ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Ó tún gbọ̀n: ó ní mo ti jókòó pẹ́ jù, kí n dìde. Ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀kẹta, mo tún wò ó. Ìyá náà dákẹ́, ó tún ìró rẹ̀ ró.

“Pásítọ̀, ẹ má bínú, mo ti ń fi yín falẹ̀. Ẹ máa lọ síbi tí ẹ̀ ń lọ.”

“N kò lọ síbì kankan, Màmá.”

Ó kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì jáde. Ẹni tó bá ń wo aago níwájú àlejò, ó ti ní kí àlejò máa lọ nìyẹn. Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi àti ìyá náà nìyẹn, kò sí àlàyé tí mo lè ṣe.

Ilẹ̀ mọ́, aago ní mo sun wákàtí mẹ́fà. Irọ́ ni. Mo kàn dùbúlẹ̀ láì mira ni, ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ni mò ń rò. Mo rántí Olúwa wa lọ́nà ilé Jáírù. Ọmọ ń kú lọ, bàbá ọmọ ń kánjú, síbẹ̀ ó dúró de obìnrin tó fọwọ́ kan aṣọ rẹ̀ títí ó fi sọ gbogbo òtítọ́ inú rẹ̀.

Mo bọ́ aago sílẹ̀, mo gba ilé ìyá náà lọ. Ó bu omi fún mi, ó sọ̀rọ̀ iṣu, ó sọ̀rọ̀ òjò, kó tó kan èyí tó gbé wá lánàá. Ohun tó sọ, àárín èmi, òun àti Ọlọ́run ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ó tún gbé sùn mọ́jú. Oòrùn ti kan àtàrí kí n tó dìde.

N kò sọ aago náà nù o. Ó ń jẹ́ kí n máa rìn láàárọ̀, bí iná bá sì wà láti gbà á sí. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi rọ́pò ilé ìwòsàn. Ní oṣù kejì ọdún 2024, àjọ FDA tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún aráyé pé kí wọ́n má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé aago tàbí òrùka tó bá ní òun ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ láì gún ara lábẹ́rẹ́. Ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ni mo ṣì ti ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru tèmi.

Ìyá náà tún wá ní Ọjọ́rú tó kọjá. Ọrùn ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ wò.

“Aago yín ńkọ́, Pásítọ̀?”

Mo ní ó wà nínú dúrọ́ọ̀. Ó fa àga sún mọ́ tábìlì, ó jókòó.