Ẹ bèèrè nọ́ḿbà kí ẹ tó sanwó wíńdò alumíníọ̀mù

Ẹni tó bá ń kọ́lé sí Ponyan, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Yàgbà, ìpínlẹ̀ Kogí, mọ̀ pé owó wíńdò kì í ṣe kékeré. Àmọ́ bó bá ṣe wíńdò aláwọ̀ idẹ ló fẹ́, kó má wo àwọ̀ nìkan.

Anodising ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Wọ́n á ri alumíníọ̀mù bọ inú omi ásíìdì, wọ́n á fi iná mànàmáná sí i, ojú rẹ̀ á sì di èèpo líle. Ara alumíníọ̀mù fúnra rẹ̀ ni èèpo yìí ti ń jáde, kì í ṣe ọ̀dà. Ìdí nìyí tí ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn fi máa ń hàn síta.

Nọ́ḿbà 6063, tí magnesium àti silicon díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ló wọ́pọ̀ jù fún férémù, ó sì ń gba àwọ̀ dáadáa. Fún páànù pẹlẹbẹ, 5005 dára. Àwọn tí nọ́ḿbà wọn fi 2 bẹ̀rẹ̀ ní bàbà nínú. Èèpo wọn kì í le tó, kì í sì í dènà ìpẹtà tó bó ṣe yẹ. Èyí tí silicon pọ̀ nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń rọ ẹ́ńjìnnì, á di àwọ̀ eérú tó ṣú.

Ẹ rí i pé ibì kan náà ni gbogbo férémù ti wá, kí àwọ̀ wọn lè bára mu. Fún wíńdò tó kọjú síta, ẹ bèèrè èèpo tó nípọn tó máíkírónì 20 sí 25. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.