Àáró Lórí Ayélujára: Nígbà Tí Ọ̀rẹ́ Tí A Kò Rí Bá Wa Tún Kọ̀ǹpútà Ilé Ṣe

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jọ jíròrò lé lórí lọ́tẹ̀ yìí kan kọ̀ǹpútà tí ó wà lórí tábìlì ìjẹun nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé wa. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tí ó ń ṣe fún Windows 10 dúró. Windows yìí ni ètò adarí: òun ni ó ń jí kọ̀ǹpútà, òun ni ó sì ń pín iṣẹ́ fún gbogbo ètò yòókù. Ọdún 2015 ni wọ́n gbé e jáde.

Kọ̀ǹpútà tí ó ń lo Windows 10 kò kú lọ́jọ́ náà. Ó ń tàn, ó ń ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ sì ń fi ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ṣùgbọ́n ó dà bí àdúgbò tí ọdẹ aṣọ́de ti gba ilé rẹ̀ lọ. Ilẹ̀kùn ṣì wà níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ bí olè bá rí ihò tuntun lára ògiri, kò sí ẹni tí yóò dí i. Àwọn àgbà sì ti kìlọ̀ fún wa pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú ìdílé tí mo ń ṣe ní agbègbè Dagenham East, mo ti rí i pé kọ̀ǹpútà kì í ṣe ohun ìṣeré mọ́. Òun ni ọ̀pọ̀ òbí fi ń wo àkọsílẹ̀ Universal Credit wọn. Òun ni wọ́n fi ń ka ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ fi ránṣẹ́, òun náà ni wọ́n sì fi ń fowó ránṣẹ́ sí ìyá àgbà nílé. Láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ jùlọ nínú káàdì ìgbélùú oníke ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní ìparí ọdún 2024, tí ìjọba sì fi eVisa rọ́pò rẹ̀, ẹ̀rí pé a ní ẹ̀tọ́ láti gbé ilẹ̀ yìí pàápàá ti di ohun tí a ń wò lórí ayélujára. Bí olè bá jí ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé irú ìdílé bẹ́ẹ̀, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní password, ohun tí ó lè bá a lọ ju owó lọ.

Ẹnì kan lè béèrè pé: kí ló dé tí a kò kàn gbé Windows 11 lé e lórí? Windows 11, tí ó jáde ní ọdún 2021, ń béèrè ẹ̀yà ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, ó sì kọ ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe ṣáájú nǹkan bí ọdún 2018, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ara wọn ṣì le koko. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tó o lè ra tuntun. Microsoft tún la àfikún ìtọ́jú ọdún kan kalẹ̀ fún ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀, wọ́n sì fi òpin rẹ̀ sí ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026. Ọ̀nà kẹta ni kí a yọ Windows kúrò pátápátá, kí a fi ètò adarí ọ̀fẹ́ tí ń jẹ́ Linux rọ́pò rẹ̀. Ọ̀nà kẹta yìí kò gba owó, ìmọ̀ ni ó gbà. Ìmọ̀ náà wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn tí àwa àti àwọn ọmọ wa lè má fojú kàn láéláé.

OKO TÍ A JỌ RO

Àwọn tí ó dàgbà nílé mọ ohun tí à ń pè ní àáró. Ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin tàbí márùn-ún yóò parapọ̀, wọn yóò ro oko Òjó lónìí, oko Àkàndé lọ́la, títí yóò fi kárí. Kò sí ẹni tí ń gbowó níbẹ̀. Gbèsè kan ṣoṣo tí ó wà ni pé ẹni tí a bá ti ro oko rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé ọkọ́ lọ sí oko ẹlòmíràn.

Linux fúnra rẹ̀ jẹ́ oko àáró. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1991, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 21 kan, Linus Torvalds, tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, kọ̀wé sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí ayélujára ìgbà náà. Ó ní òun ń ṣe ètò adarí ọ̀fẹ́ kan, pé iṣẹ́ ọwọ́dilẹ̀ lásán ni, òun sì fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ nínú rẹ̀. Àwọn tí kò rí i rí dá a lóhùn. Àwọn kan tọ́ka sí àṣìṣe, àwọn mìíràn kọ àtúnṣe rẹ̀ ránṣẹ́. Lónìí, Linux ni ó wà ní ìpìlẹ̀ Android. Èyí ni pé ẹni tí fóònù Android bá wà nínú àpò rẹ̀ ti ń jẹ nínú iṣu oko náà tipẹ́.

Ilẹ̀ adúláwọ̀ náà ní ìpín nínú rẹ̀. Ní ọdún 2004, Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, gbé oríṣi Linux kan jáde, ó sì sọ ọ́ ní Ubuntu. Ọ̀rọ̀ àwọn Zulu àti Xhosa ni, ìtumọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí ohun tí àwa ń pè ní ìwà ọmọlúàbí: pé ènìyàn ni ó ń sọ ènìyàn di ènìyàn. Títí di ọdún 2011 ni wọ́n fi ń fi àwo rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹnikẹ́ni tí ó bá béèrè, níbikíbi ní àgbáyé. Láti ara Ubuntu yìí ni Linux Mint ti jáde ní ọdún 2006. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń yàn án láàyò nítorí pé ojú rẹ̀ jọ ti Windows tí ó ti mọ́ wọn lára.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍNÚ ILÉ KAN

Ìyá kan ní àdúgbò wa gbà mí láyè láti sọ ìtàn ilé rẹ̀, bí n kò bá ti dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkúnbọ̀ kan ni wọ́n ní, kò sì lè gba Windows 11. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹni ọdún 15, ni ó dábàá pé kí àwọn fi Linux Mint sí i. Gbogbo rẹ̀ lọ déédéé títí wọ́n fi parí rẹ̀. Nígbà náà ni wọ́n rí i pé kọ̀ǹpútà náà kò rí Wi-Fi ilé mọ́. Ọ̀ràn wá di ti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ há mọ́ inú yàrá tí ó tì: kọ̀ǹpútà nílò ayélujára kí ó tó lè gba ètò tí yóò jẹ́ kí ó rí ayélujára.

Ọmọ náà fi fóònù rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà lórí ayélujára. Ó kọ irú kọ̀ǹpútà tí ó jẹ́ àti gbogbo ohun tí ó ti dán wò. Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi dá a lóhùn. Ẹni náà ní kí ó fi okùn USB so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ó yí fóònù sí ipò tí kọ̀ǹpútà yóò fi lè máa lo ayélujára rẹ̀, kí ó wá ṣí ibi tí wọ́n ń pè ní Driver Manager, kí ó sì jẹ́ kí ó wá ètò tí ó bá Wi-Fi náà mu. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, Wi-Fi sì jí.

Ìyá náà sọ fún mi pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ Wi-Fi ni ó ń ba òun lẹ́rù ní gbogbo àkókò yẹn. Ó ní, “Mo ń bi ara mi pé, ta ni ẹni yìí? Kí ni ó fẹ́ gbà lọ́wọ́ ọmọ mi? Nílẹ̀ yìí, ta ní í ṣe nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́?” Ó fa àga, ó jókòó ti ọmọ náà, ó sì ń ka gbogbo ohun tí ẹni náà ń kọ. Ẹni náà kò béèrè orúkọ, kò béèrè ibi tí wọ́n ń gbé, kò béèrè ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé. Ohun tí ó ń béèrè kò ju pé kí ni kọ̀ǹpútà wí. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọmọ yìí kan náà ni ó ń dá ẹlòmíràn tí Wi-Fi rẹ̀ kọṣẹ́ lóhùn. Ó ti gbé ọkọ́ lọ sí oko ẹlòmíràn nìyẹn.

BÍ A ṢE Ń DÁ ALÁÀÁRÓ MỌ̀ YÀTỌ̀ SÍ OLÈ

Ìbéèrè ìyá náà tọ̀nà, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Gbogbo aláǹgbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ṣùgbọ́n àáró ní òfin tirẹ̀, òfin náà sì wúlò lórí ayélujára gẹ́gẹ́ bí ó ti wúlò nínú oko.

Èkíní, gbangba ni a ti ń ro oko àáró. Ìrànlọ́wọ́ tí ó dára wà níbi tí ọ̀pọ̀ ojú ti lè kà á, tí ẹlòmíràn sì lè sọ pé, “Rárá, èyí kò tọ́.” Ẹni tí ó bá ń fa ọmọ wa lọ sí kọ̀rọ̀ ti kúrò nínú àáró.

Èkejì, olóko wà nínú oko rẹ̀. Ẹni tí ó ń ràn wá lọ́wọ́ ń kọ́ ọwọ́ wa ni. Kò nílò láti gba kọ́kọ́rọ́ ilé. Bí ó bá ní kí a fi ètò kan sí kọ̀ǹpútà kí òun lè máa darí rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, tàbí kí a fi ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé ránṣẹ́, ẹ dáwọ́ dúró.

Ẹ̀kẹta, a kì í gba owó àáró. Ẹni tí ó bá ń kánjú, tí ó ń dẹ́rù bani, tí ó sì ń béèrè owó tàbí káàdì ẹ̀bùn ilé ìtajà, olè ni. Àwọn kan a máa tẹ ènìyàn láago pé àwọn wá láti Microsoft, pé àwọn rí àrùn nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Microsoft kì í ṣàdédé tẹ ènìyàn láago lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí owó bá ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́, tàbí tí ẹ bá fura, ẹ pe 159, nọ́ńbà tí yóò so yín pọ̀ mọ́ ọ̀pọ̀ báńkì ilẹ̀ yìí.

Mo fẹ́ kí ẹ fi etí sí èyí dáadáa, nítorí pé iṣẹ́ mi ni. Àwọn tí ń fẹ́ ba ọmọdé jẹ́ mọ̀ pé oore ni ìlẹ̀kùn tí ó rọrùn jùlọ láti ṣí. Wọn yóò kọ́kọ́ bá ọmọ yanjú ìṣòro, lẹ́yìn náà wọn yóò ní kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ níbòmíràn, wọn yóò béèrè àwòrán, wọn yóò sì ní, “Má sọ fún màmá rẹ.” Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ́ ọmọ yín láti sá fún. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tó lè wá sọ fún yín, ó gbọ́dọ̀ dá a lójú pé a kò ní tìtorí òtítọ́ gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ òun. Ọmọ tí ó ń bẹ̀rù pé a ó gbà á, yóò pa á mọ́ra ni. Ẹ lè fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tó CEOP létí, ẹ̀ka tí ń dáàbò bo àwọn ọmọdé lórí ayélujára. Ọmọ fúnra rẹ̀ lè pe Childline lọ́fẹ̀ẹ́ lórí 0800 1111.

KÍ A TÓ FI ỌWỌ́ KAN AN

Ẹ kọ́kọ́ da gbogbo àwòrán àti ìwé pàtàkì kọ sí ibòmíràn, nítorí pé fífi ètò tuntun sí kọ̀ǹpútà lè nu gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ wá fílàṣì USB tí ààyè rẹ̀ tó 8GB. Ojúlé àwọn tí ó ni Linux Mint gan-an ni kí ẹ ti gbà á, ẹ má ṣe gbà á láti inú ìsopọ̀ tí ẹnikẹ́ni fi ránṣẹ́. Linux Mint ní ó kéré tán 2GB ìrántí ni òun nílò, ṣùgbọ́n 4GB ni yóò tu yín lára.

Ohun ìtùnú tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ ni pé ẹ lè lo Linux láti orí fílàṣì náà kí ẹ tó fi ọwọ́ kan Windows rárá. Ẹ dán Wi-Fi wò, ẹ dán ohùn wò, ẹ wo iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ. Google Classroom àti Teams ń ṣí bí a ṣe ń ṣí ojúlé mìíràn. LibreOffice, tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, ń ṣí ìwé Word. Ṣùgbọ́n àwọn eré kan àti àwọn ètò kan tí wọ́n ṣe fún Windows nìkan kò ní ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ kí ẹ tó yọ ti àtijọ́. Bí ojú bá fẹ́ rí ojú, ẹgbẹ́ The Restart Project, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní London, a máa ṣètò ìpàdé níbi tí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ti ń bá ènìyàn tún ẹ̀rọ ṣe.

Èrè kékeré kan tún wà níbẹ̀. Nínú Linux, àtẹ ìtẹ̀wé Yorùbá wà lábẹ́ Nàìjíríà, ẹ kàn ní láti yàn án. Ọmọ tí ó bá yàn án lè kọ ẹ, ọ àti ṣ nínú orúkọ ara rẹ̀ bí ó ti yẹ.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àwọn ọmọ wa mọ kọ̀ǹpútà jù wá lọ, àwa ni a mọ ènìyàn jù wọ́n lọ, iṣẹ́ yìí sì nílò ìmọ̀ méjèèjì. Nítorí náà, ẹ má ṣe lé ọ̀rẹ́ orí ayélujára jáde láìwádìí, ẹ má sì ṣe fi ọmọ sílẹ̀ fún un. Ẹ jókòó tì wọ́n. Ẹ sọ ìtàn àáró fún wọn, kí wọ́n mọ̀ pé àwọn baba ńlá wọn ti ń ṣe é kí kọ̀ǹpútà tó dé. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá sì parí, kí ẹ tó pa ẹ̀rọ náà, ẹ bi ọmọ yín pé: oko ta ni ó kàn?